Àga pankẹ́rẹ́: ẹ wò ó kí wọ́n tó kùn ún

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra àga pankẹ́rẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kéènì, sí pálọ̀ dípò àga rọ́bà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù kòkòrò ń bà yín, tí ọ̀rọ̀ igbó tí wọ́n ti ń gé e sì ń kọ yín lóminú: ẹ rà á. Ẹ má kàn rà á bí mo ṣe ra tèmi.

Lọ́dún 2014, mo ra mẹ́rin lẹ́bàá títì. Fáníìṣì ara wọn ń dán gbinrin. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ohun kan bí ẹ̀lúbọ́ lábẹ́ wọn láràárọ̀. Mo rò pé eruku ọyẹ́ ni, àfìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀kan ṣẹ́ mọ́ ìyá mi nídìí. Kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán, awọ lásán ló kù. Ó dùn mí wọra.

Bàbá kan tó ń hun pankẹ́rẹ́ ní Mende, l'Ékòó, ló là mí lójú. Ó ní tútù ni wọ́n fi kàn án. Inú pankẹ́rẹ́ kò ní ihò bíi ti oparun. Ó kún dénú, oúnjẹ kòkòrò sì ni bí kò bá gbẹ dáadáa. Bó bá pẹ́ nínú ọ̀rinrin, àwọ̀ bí aró á wọ̀ ọ́ lára, fáníìṣì ni wọ́n á fi bò ó. Nítorí náà, ẹ lọ sí ìsọ̀ wọn, kí ẹ wo egungun àga náà kí wọ́n tó kùn ún. Èyí tó bá hunjọ, wọn ò jẹ́ kó gbó kí wọ́n tó gé e. Ẹ wo oríkèé rẹ̀ pẹ̀lú: ìṣó nìkan kò tó, kí wọ́n fi awọ pankẹ́rẹ́ wé e pinpin.

Ẹ má gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò ń fẹ́ sí. Bí ìjókòó rẹ̀ bá dẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi gbígbóná rin ín láti abẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú; á tún le bí awọ ìlù.

Ti igbó tí ẹ mẹ́nu bà ká mi lára gan-an. Mọ̀lẹ́bí ọ̀pẹ ni pankẹ́rẹ́, ẹlẹ́gùn-ún tó ń fà mọ́ igi lọ sókè. Bí wọ́n bá gé èyí tó gbó, tí wọ́n fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, á tún hù. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti gé igi tán, kí ló fẹ́ gùn? Bàbá yẹn ní ibi tí àwọn ti ń rí i ń jìnnà sí i lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí mo bá rí i lórí ààtàn nítorí pé ìhun rẹ̀ já. Egungun tó ṣì le, wọ́n á bá yín tún un hun. Wọ́n ti tún tèmi hun lẹ́ẹ̀mejì.