Ariwo Pọ̀ Nínú Eré Mi, Wọ́n Ní Kò Sí Ìforígbárí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Nínú eré tí mo kọ, bàbá kan fẹ́ ta ilẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò gbà. Odidi ojú ewé mẹ́rin ni wọ́n fi bú ara wọn, síbẹ̀ olùkọ́ wa ní kò sí ìforígbárí níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Olùkọ́ rẹ ò parọ́. Bí bàbá bá ní "Màá tà á", tí ọmọ ní "Ẹ ò ní tà á", tí a sì tún bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ní ojú ewé kẹrin, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣì wà. (Ọmọ Yorùbá wo tilẹ̀ ni yóò bú bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹbí ò ní dá sí i?)

Wo ìtàn Ṣàngó tí Dúró Ládípọ̀ gbé sórí ìtàgé ní 1963, Ọba Kòso. Agbára Tìmì àti Gbọ̀nkáà, àwọn jagunjagun rẹ̀, ti pọ̀ jù. Ṣàngó ò jókòó kó máa bú wọn. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Nígbà tí Tìmì di alágbára lọ́hùn-ún, Ṣàngó ní kí Gbọ̀nkáà lọ mú un wá, kí ọ̀kan lè rẹ́yìn èkejì. Gbọ̀nkáà ṣẹ́gun, ó bá kọjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ohun tí Ṣàngó ṣe kó lè bọ́ ló tì í sínú wàhálà. Yọ Ẹdẹ kúrò, ìtàn wó. Nínú tìrẹ, o lè yọ ojú ewé méjì kí ẹnikẹ́ni má fura.

Ó yá, kí ni bàbá yìí fẹ́ fi owó ilẹ̀ ṣe? Ká ní gbèsè owó ilé-ìwé ọmọ yìí gan-an ló fẹ́ san, tí kò sì fẹ́ kó mọ̀. Ká ní sàréè ìyá ọmọ náà wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Jẹ́ kí bàbá bu ẹran tó tóbi jù sí àwo ọmọ: "Jẹun ná. Tó o bá ṣe tán, bá mi fọwọ́ sí ìwé yìí." Kí ọmọ rọra dá ẹran náà padà sínú àwo bàbá: "Ẹ ṣé, sà. Mo ti yó." Ẹnikẹ́ni ò pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀kan fẹ́ ra ojú èkejì, èkejì ò tà.

Wá mú bírò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe sí ẹnìkejì: ó ń tàn án, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń halẹ̀ mọ́ ọn. "Inú ń bí i" ò wọ ibẹ̀ o. Òṣèré ò rí nǹkan kan fi ìyẹn ṣe. Níbi tí "ó ń bú u" bá ti tò lé ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fa igi lé méjì.