Èsì: Kí ló dé tí òyìnbó fi ní "kì í ṣe ẹ̀bi yín" nígbà tí ẹ ní "sorry"?

Ẹ kú ìbéèrè o. Òyìnbó tó kọsẹ̀ níbi iṣẹ́ yín ní London tí ẹ kí ní "sorry" kò bínú sí yín. Lọ́hùn-ún, "sorry" lásán, tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn, àforíjì ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Àwa ló ń lò ó bíi pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá kọsẹ̀, "Are you all right?" ni kí ẹ bi í.

Ohun tó bá tẹ̀ lé e ló ń yí i padà. "I'm sorry for your loss", ìbánikẹ́dùn ni. "I'm sorry for shouting", ẹ̀bi ti di tiyín nìyẹn. "I feel sorry for him" ni pé àánú rẹ̀ ń ṣe yín, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ lójú onítọ̀hún, ìwọ̀sí ló máa kà á sí. Bó bá wá ṣaájú ọ̀rọ̀ orúkọ, bíi "a sorry state", ipò tó burú tó ń ṣeni láàánú ni.

Ẹ má kọ "I sorry" o: ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni, "am" tàbí "feel" gbọ́dọ̀ wà níwájú rẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbé ohùn sókè pé "Sorry?", wọn ò gbọ́ yín ni, ẹ tún un sọ.