Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilẹ̀kùn Ta Ni Ká Kàn Nítorí Ilé-Ìwé Abúlé?

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí. Gbogbo wọn dá lórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìgbèríko. A gé àwọn tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ ènìyàn àti ti abúlé kúrò.

Kíláàsì mẹ́fà, olùkọ́ mẹ́ta

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ 118 ló wà ní ilé-ìwé wa, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, olùkọ́ mẹ́ta péré ló sì ń kọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ bá alága káńsù. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí lọ́wọ́ òun. Ṣé òótọ́ ni?* — Alága SBMC (ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń bójú tó ilé-ìwé), Òkè-Ògùn

Òótọ́ ni, àmọ́ ó kù síbì kan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ tó wà ní olú-ìlú, ló ń gba olùkọ́ ìpele 07 sókè síṣẹ́, ìpele 07 yẹn gan-an sì ni ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ NCE ti ń bẹ̀rẹ̀. Káńsù kò lè gba olùkọ́ kan ṣoṣo fún yín. Inú owó káńsù ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ará ìlú fi rò pé alága ni ọ̀gá wọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, ṣùgbọ́n ìdájọ́ yẹn kò gbé àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́ kúrò níbi tó wà. Ti ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ya 2% nínú owó àpapọ̀ sọ́tọ̀. UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ló ń pín in, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kó tó rí ìpín yìí gbà. Yàrá ìkàwé, ìwé, àga àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Ẹ má retí owó oṣù níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó yẹ kí ẹ kàn ni ti akọ̀wé ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Òun lè gbé olùkọ́ láti ilé-ìwé kan lọ sí òmíràn láàrin ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ọ́fíìsì rẹ̀ ló sì ń kọ̀wé sí SUBEB pé àyè ṣófo. Ibi tó ti máa ń bọ́ mọ́ àwọn ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ nìyí: wọ́n á débẹ̀, wọ́n á ní "olùkọ́ wa ò tó." Ìlànà orílẹ̀-èdè ní olùkọ́ kan fún ọmọ 35. Ẹ fi 35 pín 118, ẹ ó rí mẹ́ta àti díẹ̀. Lójú ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, olùkọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé! Ìṣirò yìí ló ń pa ilé-ìwé kékeré, nítorí pé ọmọ 12 tó wà ní kíláàsì kẹfà nílò ẹni tí yóò dúró níwájú wọn bí ọmọ 35 ṣe nílò rẹ̀.

Nítorí náà, kíláàsì ni kí lẹ́tà yín máa kà. Ẹ kọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò ní olùkọ́, ọjọ́ tí olùkọ́ tó ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì tàbí tí wọ́n gbé e lọ, àti ọjọ́ tí ẹni tó kù yóò fẹ̀yìn tì. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ìkejì, kí ẹ mú un padà wálé. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá láìsí èsì, ẹ so fọ́tòkópì rẹ̀ mọ́ lẹ́tà tí ẹ ó kọ sí alága SUBEB. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 tún fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè iye olùkọ́ àti iye ọmọ ní gbogbo ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀ yín, ọjọ́ méje sì ni òfin náà fún wọn láti dáhùn. Bí ilé-ìwé ẹ̀bá títì bá ní olùkọ́ tó lé, ìwé yẹn ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Bí wọ́n bá wá fún yín lólùkọ́, ẹ wá ohun tí yóò mú un dúró. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́ ló ń lé ọ̀pọ̀ wọn padà sí ìlú. Yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ kò jò, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, tó sì ní balùwẹ̀, kò ju agbára abúlé lọ. Kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ ọjọ́ tí olùkọ́ dé sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ìwé, kó kọ ọjọ́ tó lọ pẹ̀lú. Olùkọ́ mẹ́rin tó wá tó sì lọ láàrin ọdún méjì jẹ́ ẹ̀rí tí alága SUBEB kò lè fojú fò.

Títí wọn yóò fi dé, ẹ so kíláàsì pọ̀: kìíní àti ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Iṣẹ́ kan náà ni kí àwọn méjèèjì ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ ìṣirò, kí olùkọ́ ti kọ iṣẹ́ àwọn àgbà sójú pátákó kí aago tó lù, kó wá fi ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ kọ́ àwọn kékeré, kó sì yí padà sí àwọn àgbà. Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé olùkọ́ á máa kọ́ àwọn àgbà nìkan, àwọn kékeré á jókòó síwájú, wọ́n á dákẹ́ jẹ́ẹ́, gbogbo ènìyàn á sì máa yìn wọ́n pé ọmọ dáadáa ni wọ́n. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ jù lọ ni kí ẹ fi síbi kíláàsì kìíní.

Rẹ́jísítà kún, èsì ìdánwò burú

*Nínú rẹ́jísítà wa, ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń wá lójoojúmọ́. Síbẹ̀ èsì ìparí táàmù kò dára rárá. Kí ló fà á?* — Ọ̀gá ilé-ìwé, agbègbè oko kòkó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ọ̀gá, rẹ́jísítà gan-an la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ìlà kan fún òwúrọ̀, ìkejì fún ọ̀sán, òdo fún ẹni tí kò wá. Ẹnu ibi tí olùkọ́ ti ń pe orúkọ ló yẹ kó ti máa fà á. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé kan tí yíǹkì rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láti Ajé dé Ẹtì, tí gbogbo ìlà rẹ̀ dà síbì kan náà bí ọkà tí atẹ́gùn tẹ̀, tí kò sì sí òdo kankan, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ló sábà ń fa irọ́ yìí: wọ́n rò pé bí iye ọmọ bá dínkù, wọn yóò gbé olùkọ́ lọ tàbí kí wọ́n pa ilé-ìwé pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ fi olùkọ́ yín lọ́kàn balẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ kíláàsì láago mẹ́wàá àárọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, ẹ ka orí, ẹ fi wé ohun tí wọ́n kọ. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí. Ká ní ọmọ 42 ló wà ní kíláàsì, wọ́n pe orúkọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́sẹ̀, àpapọ̀ ìlà sì jẹ́ 294. Ẹ fi 10 pín in, ó di 29.4. Ìyẹn jẹ́ 70% ọmọ 42. Nǹkan tó jìnnà sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá nìyẹn.

Ẹ wá gbé rẹ́jísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ọjà. Ọjà ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ abúlé wa ń ná. Nítorí pé a máa ń ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn òní ni ọjà ń padà dé. Láàrin ọjọ́ 28, ọjà méje ni wọn yóò ná, yóò sì bọ́ sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Márùn-ún nínú méje yẹn ni yóò bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ilé-ìwé kò ju 20 lọ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà déédéé ti pàdánù ìdá mẹ́rin ẹ̀kọ́ rẹ̀: ọjọ́ 15 nínú 60 ní táàmù ọlọ́sẹ̀ méjìlá. Torí pé ọjọ́ rẹ̀ ń yí kiri, kò hàn sójú olùkọ́ pé ọmọ kan náà ni. Ẹ fi ìkórè kòkó ti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá kún un, tó bọ́ sí táàmù kìíní, ìgbà tí àwọn ọmọ kékeré ń kọ́ lẹ́tà ABD.

Ẹ kò lè gbé ọjà kúrò. Ẹ sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà táàmù náà lórí kàlẹ́ńdà kí ilé-ìwé tó wọlé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun ní ọjọ́ náà, àtúnyẹ̀wò ni kí ẹ fi ṣe. Kí ìgbìmọ̀ lọ bá ìyálọ́jà pé kí ọmọ ilé-ìwé má jókòó ti igbá kó tó di aago méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ìyálọ́jà ń ṣiṣẹ́ ju ti ọlọ́pàá lọ. Òfin 2004 ní ìjìyà fún òbí tó fi ọmọ sílé: ìkìlọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì ní ìgbà kejì. Ẹ má ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n lé ọmọ mi sílé

*Nítorí ₦1,500 owó PTA ni wọ́n ṣe ní kí ọmọ mi máa lọ sílé. Ṣé wọ́n láṣẹ?* — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ẹ̀kìtì

Wọn kò láṣẹ, Mọ́mì. Òfin 2004 sọ ọ́ kedere pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré ìjọba, ó sì fi ₦10,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ṣe ìjìyà fún ẹni tó bá gbowó lórí rẹ̀. Àwọn òbí lè fìmọ̀ ṣọ̀kan láti dáwó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ohun tí wọn yóò fi ti ọmọ síta. Ẹ mú ọmọ náà padà lọ́la, ẹ béèrè ìwé ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí owó náà. Bí wọ́n bá tún lé e, ó di ọ̀dọ̀ SBMC, lẹ́yìn náà akọ̀wé ètò-ẹ̀kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi owó àpò ara wọn ra ṣọ́ọ̀kì. Ohun tó ń dín ìjà kù ni kí wọ́n lẹ iye tó wọlé, ohun tí wọ́n rà àti iye tó kù mọ́ ara ògiri ní ìparí táàmù.

Kíláàsì karùn-ún tí kò lè kàwé

*Ọmọ mi wà ní kíláàsì karùn-ún, ó ń ka ìwé rẹ̀ geerege, ṣùgbọ́n kò lè ka àkọlé ara ògiri. Ṣé ojú ló ń dùn ún ni?* — Bàbá ọmọ kan, Ìbàràpá

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú, ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú ewé tó ń kà geerege yẹn, kí ẹ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, orin ló ń kọ, ó ti há ojú ewé náà sórí láti ẹnu olùkọ́.

Ìgbìmọ̀ lè dán gbogbo ilé-ìwé wò láàrin ọjọ́ méjì, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú márùn-ún: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kúkúrú bí "ilé" àti "bàtà", ìpínrọ̀ ìlà mẹ́rin, ìtàn ìlà mẹ́wàá. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni ìpele rẹ̀. Fún wákàtí kan lójúmọ́, kí wọ́n pín ọmọ kíláàsì kẹta dé ìkarùn-ún sí ìpele wọn, láìwo kíláàsì. Pratham, àjọ kan tó ń ran ẹ̀kọ́ ọmọdé lọ́wọ́, ló tan ọ̀nà yìí káàkiri Íńdíà, kò sì gba ju káàdì àti ṣọ́ọ̀kì lọ.

Yorùbá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè ti 2022, tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2025, àmọ́ Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ nínú tàímtébù. Ó dùn wá gan-an pé wọ́n ń fi àkókò rẹ̀ ro oko olùkọ́ níbòmíràn.

Kọngíláà ti dé

*Wọ́n ń kọ́ yàrá mẹ́ta tuntun fún wa. Òjò ọdún kan ti gbé òrùlé ti ìṣáájú lọ. Kí la lè máa wò?* — Akọ̀wé SBMC, Ìpínlẹ̀ Ògùn

Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti iye rẹ̀ hàn yín. Iye búlọ́ọ̀kù onínáìnì ínǹṣì tó yẹ kó jáde nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 25 sí 30; bí ó bá ti ń lé ní 40, yanrìn ni wọ́n ń tò. Kí wọ́n máa bomi rin búlọ́ọ̀kù fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó mọ ọ́n. Ní ti òrùlé, ibi tó ti ń já ni orí ògiri: wọ́n kàn gbé pákó lé e, wọ́n fi ìṣó kan méjì mú un. Kí ẹ rí irin tí wọ́n rì sínú kọnkéré orí ògiri, tí wọ́n tẹ̀ ká pákó náà kí páànù tó gorí rẹ̀. Ẹ fi fóònù yà á, nítorí pé bí wọ́n bá ti kan sílíìnì, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Kí ọ̀gá ilé-ìwé má sì fọwọ́ síwèé pé iṣẹ́ parí títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀ lé e lórí.