Bí Ẹnu Kò Bá Lè Sọ Ọlọ́run Tán

Ọmọ mi, o kò di kèfèrí. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ọkàn rẹ balẹ̀ lórí ìyẹn ná, nítorí lẹ́tà rẹ fi hàn pé ẹ̀rù ń bà ọ́ gan-an.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé àwọn òǹkàwé yòókù: ọmọ ààfáà kan láti Ìta-Kúdìmọ̀ níbí ní Ìlọrin ló kọ̀wé. Ó ń lọ sí yunifásítì, Tanke ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Kìrìsìtẹ́nì ọmọ Ìgbàjà, jọ ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ yìí bi í pé: bí Ọlọ́run bá lè ṣe ohun gbogbo, ṣé Ó lè dá òkúta tí Òun fúnra Rẹ̀ kò ní lè gbé? Kò rí èsì. Láti ìgbà náà, bó bá dúró láti kírun àsùbáà, bó bá ti ní “Allahu Akbar”, ìyẹn Ọlọ́run ló tóbi jù, ọkàn rẹ̀ á béèrè pé, “Ó tóbi ju kí ni?” Ìrun á sì dàrú mọ́ ọn lójú. Ó gbé e tọ bàbá rẹ̀ lọ, ìyẹn ní òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó wá bi mí bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn àti làákàyè wa tilẹ̀ lè sọ Ọlọ́run, àbí òun ti ṣìnà ni.

Ọ̀rọ̀ òkúta kò le. Imam Al-Ghazali, àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn Islam tó kú ní ọdún 1111, ti ṣàlàyé pé agbára Ọlọ́run kò kan ohun tí kò lè ṣeé ṣe, bíi kí nǹkan wà kó má sì sí lẹ́ẹ̀kan náà. Òkúta tí Alágbára gbogbo kò lè gbé kì í ṣe òkúta kankan. Gbólóhùn tó ń pa ara rẹ̀ ni. Thomas Aquinas, àlùfáà Kátólíìkì tó kú ní 1274, sọ ohun tó jọ ọ́. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé àwọn àgbà ẹ̀sìn tiẹ̀ náà ti dáhùn, kí ẹ sì jọ máa jẹun yín lọ. Lọ́jíìkì, ìyẹn ìmọ̀ bí a ṣe ń ro ọ̀rọ̀ kó tọ́, kì í ṣe ọ̀tá wa. Al-Ghazali kan náà ló ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Ṣùgbọ́n n kò rò pé òkúta ló ń dà ọ́ láàmú. “Ju kí ni?” yẹn ni.

Ṣí Kùránì sí Súrà 42, ẹsẹ 11. Ó ní kò sí ohunkóhun tó dà bí Rẹ̀. Láìdánudúró, ó tún ní Òun ni Olùgbọ́, Olùríran. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni o! Ó kọ́kọ́ gba gbogbo ìwọ̀n lọ́wọ́ wa: etí tí o mọ̀ kọ́, ojú tí o mọ̀ kọ́. Kò wá jẹ́ ká yadi: ó ní ká ṣáà sọ pé Ó ń gbọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kéèyàn dúró sí, bí kò tilẹ̀ rọrùn. Súrà 7, ẹsẹ 180, sì ní ti Ọlọ́run ni àwọn orúkọ tó dára jù lọ, ẹ fi wọ́n pè É. Ká fi pè É ni wọ́n wà fún. Nígbà tí ìyá rẹ bá ń kì ọ́ láàárọ̀, tó ń pè ọ́ ní Àlàó, tó ń to oríkì ilé yín lé e, kò sọ bí o ṣe ga tó, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ yé ọ. Síbẹ̀ orí rẹ á wú, o ò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ta ni wọ́n ń pè. Àwọn àgbà wa tó ń pe Ọlọ́run ní Ọba Awámárìídìí, Atẹ́rẹrẹ-káyé, wọn ò parọ́, wọn ò sì sọ Ọ́ tán.

Ó tóbi ju kí ni? Ju ohunkóhun tí ìwọ tàbí èmi lè fi dá ìbéèrè náà lóhùn. Bó bá tún yọjú lórí ìrun, jẹ́ kó kọjá, kí o máa bá Fàtíhà rẹ lọ.

Má sì rò pé ìwọ nìkan ni. Al-Ghazali kọ ọ́ sílẹ̀ pé iyèméjì mú òun fún nǹkan bí oṣù méjì, débi pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú òun, òun kò gbẹ́kẹ̀ lé làákàyè òun. Ó ní kì í ṣe àlàyé tí wọ́n tò jọ ló wo òun sàn, ìmọ́lẹ̀ tí Ọlọ́run jù sí òun láyà ni. Ní 1095, nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ńlá ní Bàgídáàdì, ahọ́n rẹ̀ kọ̀, kò lè kọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jáde nílùú. Ẹni tí wọ́n fi oyè Hujjatul-Islam, ìyẹn Ẹ̀rí Islam, dá lọ́lá nìyẹn.

Ní ti bàbá rẹ, má bínú sí wọn. Mázábù Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tó ti ọ̀dọ̀ Imam Malik wá, ni àwọn ààfáà Ìlọrin ń tẹ̀lé. Ẹnì kan bi Imam Malik bí Ọlọ́run ṣe gúnwà lórí Àríṣì, ìtẹ́ Rẹ̀. Ó doríkodò títí òógùn fi bò ó, ó wá ní gígúnwà náà kò pa mọ́, bó ṣe rí ni a kò mọ̀, ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ di dandan, bíbéèrè rẹ̀ jẹ́ àdádáálẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú ẹni náà jáde. Ohun tí bàbá rẹ kọ́ nídìí wàláà nìyẹn. Èmi fara mọ́ ọ̀rọ̀ Malik. Ṣùgbọ́n kí á lé ọmọ ẹni jáde, ọmọ tí kò fi ọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó kàn ń wá ọ̀nà tí yóò fi kírun rẹ̀ dáadáa? Rárá o.

Padà tọ̀ wọ́n lọ lẹ́yìn ìrun ìṣáà, nígbà tí àlejò bá ti tán nílé. Dọ̀bálẹ̀. Má mẹ́nu kan òkúta kankan. Bi wọ́n bóyá ìrun ti wúwo mọ́ wọn lẹ́nu rí, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí fún ọ.