Ṣé 150,000 náírà lóṣù yóò tó wa ní Àkúrẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Alágbàka fẹ́ gbà mí, 150,000 náírà lóṣù ni wọ́n kọ sínú ìwé. Èmi, ìyàwó mi tí kò tíì ríṣẹ́, àti ọmọ wa kan la fẹ́ kó wá láti Ìbàdàn. Mo rí i pé ó ju ìlọ́po méjì 73,000 tí ìjọba Oǹdó fi ṣe owó oṣù tó kéré jù. Ṣé yóò tó wa?

Ìdáhùn: Àbúrò, gbé 73,000 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Iye tí wọn kò gbọ́dọ̀ san dín ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ń yó èèyàn.

Oṣooṣù lo máa ń gbowó, ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù kì í gba tiẹ̀ lóṣooṣù. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọ́. Ká ní o rí ilé oníyàrá méjì ní 400,000 lọ́dún, tí owó àjẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì jẹ́ 80,000. Pín 480,000 sí oṣù 12, ó di 40,000. Bí owó ilé-ìwé ọmọ bá jẹ́ 40,000 ní sáà kan, sáà mẹ́ta lọ́dún, 10,000 lóṣù nìyẹn. 50,000 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè.

Gbogbo 150,000 náà kọ́ ló sì máa wọ báńkì. Wọ́n á yọ owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún: 12,000. Òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 fojú fo 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, ó sì gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó tẹ̀ lé e. Tìrẹ á tó bí 9,700 lóṣù. Ó ku nǹkan bí 128,000. Yọ 50,000, yọ 22,000 owó ọkọ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 22, ohun tó kù kò pé 1,900 lójúmọ́ fún ẹni mẹ́ta, gáàsì, iná àti dátà nínú ẹ̀. Kò tó, kí n má tàn ọ́.

Bí mo bá fi oúnjẹ sí 3,500 lójúmọ́ (ìyẹn láìka iyán gbogbo ọjọ́ Sunday tí ará Àkúrẹ́ á fi lọ̀ ọ́), iná, gáàsì àti dátà sí 30,000, tí mo fi 20,000 pamọ́ fún àìsàn, 227,000 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Nínú ìwé, kí wọ́n tó yọ owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí, ó máa sún mọ́ 280,000. Fi iye tó o bá bá lọ́jà rọ́pò tèmi.

Má gba ilé ní àgbègbè FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbówó ilé sókè níbẹ̀, wàá sì la ìlú kọjá lójoojúmọ́. Wo Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́. Kó o tó sanwó, béèrè bóyá Band A (ìpele tí iná gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́) ni iná àdúgbò náà, nítorí yúníìtì rẹ̀ wọ́n, kó o sì béèrè bóyá kànga wọn ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Bí ilé-iṣẹ́ náà kò bá lè fowó kún un, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n san owó ilé ọdún àkọ́kọ́ ṣáájú, kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lórí ìwé kó o tó buwọ́ lùwé iṣẹ́.