Alùpùpù tuntun: ká fún un níná dé ìdí ni, àbí ká máa kẹ́ ẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Honda CB500X tuntun ni mo rà, kò tíì rìn ju kìlómítà 40 lọ. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo sì ń lọ Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n gbé e lọ sí márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ, kí n fún un níná dé ìdí kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè là. Òmíràn ní n kò gbọdọ̀ sáré kọjá 50 fún odindi oṣù kan. Mo tún fẹ́ pààrọ̀ sàléńsà, kí n so àpótí ẹrù àti iná ńlá mọ́ ọn. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, ẹ ó lò ó pẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ti ìkankan nínú wọn.

Ògiri inú síléńdà tuntun, ihò tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kò dán bọ̀rọ́. Iléeṣẹ́ ti ha á ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń gba orí ara wọn kọjá, kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí. Ríìnsì, òrùka irin tó wà lára písítìnì, á máa fi ara họ ìlà wọ̀nyẹn títí tí òun àti ògiri á fi bá ara wọn mu. Agbára epo tó ń jó lókè písítìnì ló ń ti ríìnsì mọ́ ògiri. Tí ẹ bá ń kẹ́ ẹ jù, agbára yẹn kò ní tó, ògiri á dán kí ríìnsì tó jókòó, ẹ ó wá rí alùpùpù tuntun tó ń mu ọ́ìlì bí arúgbó ẹ̀rọ. Tí ẹ bá sì fún un níná dé ìdí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ooru á pọ̀ jù níbi tí irin ti ń họ irin. Àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ: iná kékeré, gàrí á ṣù, iná àjùlọ, á jóná.

Ìwé tí Honda kó sínú rẹ̀ sọ pé fún kìlómítà 500 àkọ́kọ́, ẹ má fi gbogbo iná gbéra, ẹ má fi eré kún eré lójijì, ẹ má tẹ búréèkì pàì, ẹ má sì já jíà wálẹ̀ lójijì. Òfin tèmi lórí èyí ni pé kí ẹ máa lò ó láàárín 3,000 sí 5,000 lórí mítà ẹ́ńjìnnì (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) fún kìlómítà 300, kí ẹ wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Márosẹ̀ kọ́ ni ibi tó yẹ ẹ, nítorí eré ojú kan náà fún wákàtí kan kò kọ́ ríìnsì ní nǹkan kan. Ọ̀nà Ìbàdàn àtijọ́ tó gba Mámù àti Ìdí-Ayunrẹ́ ló dáa: òkè wà níbẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, abúlé wà tí ẹ ó ti dẹwọ́. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ níwájú ilé kó máa ṣiṣẹ́ lásán nítorí àtifi han àlejò.

Táyà tuntun máa ń yọ̀. Fún nǹkan bíi kìlómítà 150, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an ní kọ́nà, pàápàá lásìkò òjò.

Tó bá pé kìlómítà 1,000, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù, kí ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀. Abọ́ funfun ni mo máa ń dà á sí kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ gbé abọ́ náà sójú oòrùn, kí ẹ rọra yí i: ẹ ó rí nǹkan tó ń dán yinrinyinrin nínú rẹ̀. Irin ni. Ara ríìnsì àti jíà yín ló ti bọ́. Ọ́ìlì tuntun tí ẹ máa bù sí i, 10W-30 (bó ṣe ki sí nìyẹn) tí wọ́n kọ JASO MA sí lára ni, àmì ọ́ìlì tó bá kúlọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu. Kúlọ́ọ̀ṣì alùpùpù yìí, tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, wà nínú ọ́ìlì kan náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí wọ́n fi èròjà ìyọ̀ sí lè mú kó máa yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa hó, ẹ ò sì ní í rìn.

Ṣéènì náà á fà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́ láéláé, rọ́bà kéékèèké tó wà láàárín rẹ̀ á bàjẹ́.

Ó wá ku ohun tí ẹ fẹ́ so mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀: afẹ́fẹ́ táyà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára alùpùpù, àti sípíríńgì ẹ̀yìn tí a lè fún le tí ẹ bá ń gbé èèyàn tàbí ẹrù. Irin tó ń gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ ìṣubú ló tẹ̀ lé e. Ní ti àpótí, ẹrù tó wúwo kò gbọdọ̀ lọ sínú èyí tó wà lókè lẹ́yìn. Ó máa ń sọ iwájú di fúyẹ́, ọwọ́ yín á sì máa gbọ̀n lórí eré. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nísàlẹ̀, ni kí ẹ kó o sí.

Iná ńlá gbọ́dọ̀ ní fíúsì tirẹ̀ àti rílè, súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná tó pọ̀ dípò súwíìṣì ọwọ́. Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe yìí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira: mo so iná méjì tààrà mọ́ súwíìṣì oníbàárà kan. Ó ń bọ̀ láti Ìṣarà lóru ni òórùn rọ́bà gbà á nímú, iná sì kú pátápátá. Nígbà tí mo tú súwíìṣì náà, ó ti yọ́ bí òrí inú oòrùn. Mo san owó rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Sàléńsà ni kó gbẹ̀yìn, tí kò bá tilẹ̀ ní í sí rárá. Ariwo ló máa ń fi kún un ju agbára lọ, àwọn ará àdúgbò yín á sì mọ aago tí ẹ wọlé. Ẹ fi owó yẹn ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ṣe é gbára lé àti ìbọ̀wọ́.

Tí ẹ bá ń gba Ṣàgámù déédéé, níbi tí eruku sìmẹ́ńtì àti ti tírélà ti ń pàdé, ẹ rán mi létí kí n yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú ọ́ìlì. Ẹ má fi omi fọ fílítà náà kí ẹ tó gbé alùpùpù wá.