Èsì: Júpítà mi ń ṣe bàìbàì, ṣé kí n ra telescope tó tóbi jùyí lọ?

Ọ̀rẹ́, má tíì náwó o. Telescope ẹ kọ́ ló ń jẹ́ kí Júpítà máa gbọ̀n bí òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò, afẹ́fẹ́ tó ń rú lókè ni, èyí tó tóbi jù ú lọ gan-an ò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Fọ́tò ẹyọ kan tó ò ń yà yẹn ni wàhálà, fídíò ni kó o ká.

1. Gbé telescope síta bíi wákàtí kan ṣáájú, kí dígí ẹ̀ tutù bí ìta ṣe tutù.
2. Dúró kí Júpítà gòkè dáadáa.
3. Ká fídíò bíi ìṣẹ́jú méjì, má jẹ́ kó pẹ́ jù torí kò tó wákàtí 10 tí Júpítà fi ń yí po, àwọn àmì ara ẹ̀ á ti sún.
4. Jẹ́ kí AutoStakkert, software orí kọ̀ǹpútà, ṣa àwọn fírémù (àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò) tó mọ́ jù kó tò wọ́n léra, ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ Júpítà, Sátọ̀nù àti òṣùpá nìyẹn wà fún o. Ìràwọ̀ ní tiẹ̀, sún un mọ́ra títí ilẹ̀ á fi mọ́, tóótó kan náà lo máa rí. Ìràwọ̀ Betelgeuse tó tóbi tó yẹn, Hubble, telescope tó wà lójú òfúrufú, ló ya ojú ẹ̀ ní 1995, ó sì tún ṣe bàìbàì náà ni.